Ohun tí Mitokóńdríà Ń Ṣe Nínú Ọkàn, àti Bí Ìpalára Rẹ̀ Ṣe Ń Di Àìsàn

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ àìsàn ọkàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ òpó ẹ̀jẹ̀ tó dí. Ọ̀rá kó jọ sí ara òpó, ẹ̀jẹ̀ dì sí ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà kọjá mọ́, ẹran ọkàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó láti ṣàlàyé ohun méjì tó sábà máa ń rú àwọn ẹbí aláìsàn lójú. Èkíní ni pé wọ́n lè tètè gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn, kí àwọn dókítà la òpó tó dí, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ṣàn padà, síbẹ̀ kí ọkàn ẹni náà má lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èkejì ni pé àwọn kan wà tí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn kò dí níbì kankan, tí agbára ọkàn wọn sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní lè gbé ẹ̀jẹ̀ tó tó kiri ara. Kí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí tó lè yé wa, àfi kí a wo inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn fúnra rẹ̀, níbi tí ohun tíntìntín kan tí wọ́n ń pè ní mitokóńdríà wà. Ní èrò tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí àlàyé nípa àìsàn ọkàn ti máa bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń pinnu bóyá sẹ́ẹ̀lì tí ìyà jẹ yóò yè tàbí yóò kú.

Sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ gbogbo ẹ̀yà ara wa, inú sẹ́ẹ̀lì sì ni mitokóńdríà wà, yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí kò ní in. Carl Benda, onímọ̀ ará Jámánì, ló fún un ní orúkọ yìí ní ọdún 1898, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí àwọn onímọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Ó ń fi ọ́síjìn tí a mí sínú sun ọ̀rá àti ṣúgà tó ti inú oúnjẹ wá, ó sì ń fi agbára tó jáde níbẹ̀ ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ATP. ATP yìí ni sẹ́ẹ̀lì ń ná lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó ń ṣe. Ọkàn ń lù ní nǹkan bí 100,000 ìgbà lójúmọ́, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó tó nǹkan bí lítà 7,000 kiri láàárín wákàtí 24, kì í sì í gba ìsinmi láti inú oyún títí di ọjọ́ ikú. Ìdí nìyí tí mitokóńdríà fi gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè inú sẹ́ẹ̀lì ẹran ọkàn, tó sì jẹ́ pé òun ló ń pèsè ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ATP tí ọkàn ń lò.

Ọkàn kò sì ní àká fún agbára yìí. ATP tó wà nínú rẹ̀ nígbàkígbà kò lè gbé e kọjá ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nítorí náà bó ti ń ná an ni ó ń ṣe é padà, láìdáwọ́ dúró. Bí a bá ro gbogbo ATP tí ọkàn ń ṣe lójúmọ́ pọ̀, yóò tó kílógíráàmù 6 ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkàn àgbàlagbà fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 300 lọ. Ẹ̀yà ara tí ń ṣe irú òwò ojoojúmọ́ báyìí kò lè fara da ìdíwọ́ tó gùn.

Awọ méjì ló bo mitokóńdríà, awọ ti inú sì ṣẹ́ léra ní ìpele-ìpele kí àyè iṣẹ́ lè pọ̀. Lára awọ inú yìí ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (èérún tíntìntín inú átọ́ọ̀mù) tí a yọ lára oúnjẹ ti ń kọjá láti ọ̀dọ̀ purotíìnì kan sí òmíràn, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọ́síjìn tí yóò gbà á níkẹyìn, tí omi yóò sì ti ibẹ̀ jáde. Bí ó ti ń kọjá lọ ni àwọn purotíìnì náà ń ti prótọ́ọ̀nù (èérún mìíràn inú átọ́ọ̀mù) sí òdìkejì awọ, títí prótọ́ọ̀nù yóò fi pọ̀ lápá kan ju apá kejì lọ. Peter Mitchell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá àbá yìí ní ọdún 1961. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ní ọdún 1978 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀. A lè fi í wé ìsédò tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná: agbára wà nínú omi tí a sé tó ga sókè, bí a bá sì jẹ́ kó gba ojú kan ṣoṣo ṣàn kọjá, yóò máa yí ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ti inú mitokóńdríà ni purotíìnì tí ń jẹ́ ATP synthase. Ó ń yí ní tòótọ́. Bí prótọ́ọ̀nù ti ń gba inú rẹ̀ padà ni ó ń yí, bí ó sì ti ń yí ni ó ń ṣe ATP. Gbogbo èyí dúró lórí kókó kan, pé awọ inú náà kò gbọ́dọ̀ jò.

Iṣẹ́ yìí kì í lọ láìsí ìdọ̀tí. Díẹ̀ lára ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń já lójú ọ̀nà, á sì sọ ọ́síjìn di irú èyí tó máa ń jẹ purotíìnì, ọ̀rá àti DNA (ibi tí àkọsílẹ̀ àbùdá wà) lára. Bí ó bá kéré, sẹ́ẹ̀lì ní ohun tó fi ń pa oró rẹ̀, ó tilẹ̀ ń lò ó gẹ́gẹ́ bí àmì pé iṣẹ́ ti pọ̀. Ìgbà tó bá borí agbára sẹ́ẹ̀lì ni ó ń di ìpalára.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìkọlù ọkàn bá dé. Òpó kan dí, ẹran ọkàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì rí ọ́síjìn mọ́. Kò ní pé ìṣẹ́jú kan tí apá ibẹ̀ yóò fi dẹ́kun láti máa fún pọ̀. Kò tíì kú. Sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ṣúgà ya láìlo ọ́síjìn, èyí tó ń mú ATP díẹ̀ wá, tó sì ń mú kí ásíìdì, ohun tó ń mú kí nǹkan kan lẹ́nu, pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Nínú mitokóńdríà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò rí ọ́síjìn tí yóò gbà á, nítorí náà gbogbo rẹ̀ dúró pa. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ó máa ń yà mí lẹ́nu jù: ATP synthase bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn. Nítorí kí prótọ́ọ̀nù má bàa tán lápá ibi tó yẹ kó pọ̀ sí, ẹ̀rọ tó ń ṣe ATP di ẹ̀rọ tó ń jẹ ATP. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún sẹ́ẹ̀lì, mitokóńdríà tó yẹ kó máa bọ́ ọ ni ó wá ń ná an.

Bí ATP ti ń tán lọ, àwọn purotíìnì tó ń lé sódíọ́mù jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Sódíọ́mù kún inú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń fa kálísíọ́mù wọlé. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní succinate náà ń kó jọ sínú mitokóńdríà nítorí pé kò sí ọ́síjìn tí yóò fi jó. Lára àwọn ẹranko tí wọ́n fi ṣe ìwádìí, bí ìdíwọ́ náà bá ti kọjá nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láìsí àtúnṣe, láti apá inú ògiri ọkàn lọ sí apá òde, bí wákàtí sì ti ń gorí wákàtí ni àyè tó kú ń gbòòrò sí i. Nítorí náà ni ẹni tí àyà bá ń fún mọ́, tí ìrora sì ń lọ sí apá, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó ń làágùn tútù tàbí tí èémí rẹ̀ kò délẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sùn lórí rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn obìnrin àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà pàápàá lè má ní ìrora àyà rárá. Àárẹ̀ òjijì tàbí èébì lè jẹ́ gbogbo ohun tí wọn yóò rí.

Wàyí o, àwọn dókítà la òpó náà. Ọ́síjìn dé. Ẹnikẹ́ni ni yóò rò pé wàhálà ti tán, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ni ìpalára kejì ń wáyé. Succinate tó ti kó jọ jó lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù padà sẹ́yìn, tí ọ́síjìn tó ń ba nǹkan jẹ́ fi tú jáde yanturu. Ẹ̀jẹ̀ tó padà wá fọ ásíìdì inú sẹ́ẹ̀lì kúrò, bẹ́ẹ̀ ásíìdì náà gan-an ló ti ń sé ihò kan mọ́ lára awọ inú mitokóńdríà. Ọ́síjìn oró pọ̀, kálísíọ́mù pọ̀, ásíìdì ti lọ: ihò náà ṣí. Prótọ́ọ̀nù tú, omi wọlé, mitokóńdríà wú títí tó fi bẹ́. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ mitokóńdríà nínú sẹ́ẹ̀lì kan, sẹ́ẹ̀lì náà kú. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀ ni, purotíìnì kan tí ń jẹ́ cytochrome c lè jò jáde. Inú mitokóńdríà ni ibùgbé rẹ̀, níbi tó ti ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kiri, ṣùgbọ́n ní ọdún 1996 ni ìwádìí fi hàn pé bí ó bá bọ́ sí òde, yóò pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì láti pa ara rẹ̀.

Ìdáhùn sí ohun àkọ́kọ́ tó ń rú ni lójú nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó padà ṣàn gba ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì là, ó sì pa àwọn kan; lára ẹranko, ìpalára kejì yìí lè tó ìdajì gbogbo ohun tó kú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí rò pé ó sàn kí wọ́n fi òpó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá padà dé, gbogbo rẹ̀ ni yóò kú. Sẹ́ẹ̀lì ọkàn tó bá sì ti kú kì í ní arọ́pò tó nílàárí, torí pé èyí tí àgbàlagbà ń pààrọ̀ lọ́dún kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àpá ni ó ń dí ojú ibẹ̀, àpá kì í sì í fún pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà ní ilé ìwòsàn láti yẹ troponin wò, ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀ ni purotíìnì tó jò jáde láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọkàn tó fara pa tàbí tó kú wọ̀nyí.

Ǹjẹ́ a lè dá ìpalára kejì dúró? Ní ọdún 1986, Charles Murry, Robert Jennings àti Keith Reimer ní Amẹ́ríkà sé òpó ọkàn ajá fún ìṣẹ́jú 5, wọ́n ṣí i fún ìṣẹ́jú 5, wọ́n sì ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí wọ́n tó sé e fún ìṣẹ́jú 40. Ẹran ọkàn tó kú lára àwọn ajá náà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tó kú lára àwọn tí wọn kò ṣe irú ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún. Ìyà kékeré ti kọ́ sẹ́ẹ̀lì bí yóò ṣe fara da èyí tó tóbi, mitokóńdríà sì wà lára ibi tí ẹ̀kọ́ náà wọlé sí. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníwádìí gbìyànjú oògùn ciclosporin, tó lè mú kí ihò yẹn pẹ́ kó tó ṣí. Ní ọdún 2008, ìwádìí kékeré kan lára aláìsàn 58 fún ni ní ìrètí. Ní ọdún 2015, èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, lára aláìsàn 970, kò rí àǹfààní kankan. Mo kà á sí ohun tó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀, nítorí pé láti ara ẹranko ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le dé ara ènìyàn ẹni ọgọ́ta ọdún tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó sì ń lo oògùn mẹ́rin, ọ̀nà náà jìn.

Ní ti àwọn tí òpó ọkàn wọn kò dí, ìbàjẹ́ mitokóńdríà wọn kì í ṣe ti ìṣẹ́jú, ti ọdún ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú kí ọkàn máa ti ẹ̀jẹ̀ lòdì sí agbára tó pọ̀, ògiri rẹ̀ sì ń nípọn sí i, ṣùgbọ́n mitokóńdríà kì í pọ̀ tó bí ẹran ọkàn ṣe ń pọ̀. Nínú ìtọ̀ ṣúgà, sẹ́ẹ̀lì ọkàn kì í lè lo ṣúgà dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rá nìkan ni ó ń sun ṣáá. Ọ̀rá ni ọkàn tó dá ṣáṣá pàápàá ń lò jù, ṣùgbọ́n ó máa ń yí sí ṣúgà nígbà tó bá yẹ, nítorí pé ọ̀rá ń gba ọ́síjìn púpọ̀ sí i fún ìwọ̀n ATP kan náà. Ọkàn tí kò lè yí mọ́ ń ná ọ́síjìn tó pọ̀, ó sì ń tú oró tó pọ̀ jáde. Títí di ìgbà tí àárẹ̀ ọkàn (ìyẹn kí ọkàn má lè gbé ẹ̀jẹ̀ tó tó kiri ara) bá fi le gan-an, ATP inú rẹ̀ ti lè fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ibì kan tó máa ń ṣòroó yé ènìyàn ni ti aláìsàn tí wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀, tí wọ́n ní ọkàn náà ń fún pọ̀ dáadáa, tí ẹni náà kò sì lè gun àtẹ̀gùn kan láìmí hẹlẹhẹlẹ. A máa ń rò pé fífún pọ̀ nìkan ló ń gba agbára, pé dídẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kálísíọ́mù ni ó ń mú kí ẹran ọkàn fún pọ̀, kí ó sì tó lè dẹ̀, a ní láti kó kálísíọ́mù náà padà sí ibi ìpamọ́ rẹ̀, ATP ni a sì fi ń kó o. Ọwọ́ àwọn purotíìnì tó ń fún ọkàn pọ̀ pàápàá nílò ATP kó tó lè tú. Bí ATP bá ṣọ̀wọ́n, ọkàn á le, kò ní lè gba ẹ̀jẹ̀ tó tó sínú, ẹ̀jẹ̀ á sì padà kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Kì í ṣe mitokóńdríà nìkan ló ń fa irú àárẹ̀ ọkàn yìí, ṣùgbọ́n ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì kì í kàn jókòó kí mitokóńdríà rẹ̀ máa bàjẹ́. Mitokóńdríà máa ń so pọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n sì ń pín, sẹ́ẹ̀lì a sì máa yọ èyí tó ti bàjẹ́ sọ́tọ̀, yóò dì í, yóò jẹ ẹ́, yóò sì lo èròjà ara rẹ̀ padà. Yoshinori Ohsumi, ọmọ ilẹ̀ Japan, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2016 lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹ ohun inú ara rẹ̀ lọ́nà yìí. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, iṣẹ́ ìmọ́tótó náà ń falẹ̀, àwọn tó ti bàjẹ́ sì ń ṣẹ́ kù. Mitokóńdríà tún ní DNA tirẹ̀, àbùdá 37 péré, èyí tó wà nítòsí ibi tí oró ti ń jáde, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni a sì ti ń jogún rẹ̀.

Àbùdá lè gbé ìṣòro wá láti ìgbà ìbí. Nínú awọ inú mitokóńdríà ni ọ̀rá àrà ọ̀tọ̀ kan wà tí ń jẹ́ cardiolipin. Inú ọkàn màlúù ni Mary Pangborn ti kọ́kọ́ yọ ọ́ ní ọdún 1942, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí àwọn purotíìnì tó ń ṣe ATP dúró dáadáa. Àwọn ọmọkùnrin tó ní àìsàn Barth, tí dókítà Peter Barth ará ilẹ̀ Netherlands ṣàpèjúwe ní ọdún 1983, kò lè ṣe cardiolipin bó ṣe yẹ, ọkàn wọn sì máa ń rẹ̀ láti kékeré. Cardiolipin kan náà ni oògùn jẹjẹrẹ tí ń jẹ́ doxorubicin máa ń lẹ̀ mọ́. Ó tún ń dojú kọ DNA sẹ́ẹ̀lì ọkàn lọ́nà mìíràn, ìpalára rẹ̀ sì lè fara hàn ní oṣù tàbí ọdún lẹ́yìn ìtọ́jú. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń ka àpapọ̀ ìwọ̀n tí ẹnì kan ti gbà láyé rẹ̀, tí wọ́n sì ń ya àwòrán ọkàn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́. Mo bẹ ẹni tó ń gba oògùn yìí lọ́wọ́ pé kí ó má fi ìbẹ̀rù dá a dúró. Jẹjẹrẹ tí a kò tọ́jú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀.

Níkẹyìn, ohun tí a lè ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gba àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kó máa ṣe eré ìdárayá tó ń mú ni mí díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí ìwádìí ti fi hàn pé irú eré bẹ́ẹ̀ ń mú kí mitokóńdríà inú ẹran ẹsẹ̀ pọ̀ sí i, tí ọkàn kò fi ní máa làágùn jù láti bọ́ wọn. Èéfín tábà ní gáàsì carbon monoxide, tó ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Bíbojú tó ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń gbé ẹrù kúrò lórí mitokóńdríà ọkàn lójoojúmọ́. Àwọn oògùn bíi dapagliflozin àti empagliflozin, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ìtọ̀ ṣúgà, ti dín iye ìgbà tí àwọn aláàárẹ̀ ọkàn ń dèrò ilé ìwòsàn kù, kódà lára àwọn tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà.

Ní ti àwọn oògùn inú ìgò tí wọ́n ń polówó pé ó ń tún mitokóńdríà ṣe, kí a ṣọ́ra gan-an. Ó dà bí ohun tó bọ́gbọ́n mu pé bí oró ọ́síjìn bá ń ba ọkàn jẹ́, fítámì tó ń pa oró náà yóò wò ó sàn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán fítámì E wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú ìwádìí HOPE, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2000, kò dín ìkọlù ọkàn kù. CoQ10, tó ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú awọ mitokóńdríà, ṣe dáadáa jù ú lọ nínú ìwádìí Q-SYMBIO ti ọdún 2014 lára aláàárẹ̀ ọkàn 420, tí wọ́n fi kún oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iye ènìyàn náà kò pọ̀ tó láti sọ ọ́ di arọ́pò oògùn dókítà. Ẹni tó bá sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ kí ó tó fẹnu kan CoQ10, nítorí pé ó lè dín agbára warfarin kù, kí ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò fẹ́ kó dì sì dì.